Bí Odó Ṣe Ń Tò Nínú Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò

Nínú ẹ̀kọ́ yìí a ó kà nípa ohun kan tí gbogbo wa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wa kò rí inú rẹ̀ rí. Ohun náà ni ẹ́ńjìnnì.

Ẹ dúró ní ìdíkọ̀ Bàrígà ní aago méje àárọ̀. Ẹ di ojú yín, kí ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata: kú, kú, kú, kú. Ó ń sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ń gún iyán. Ẹ ó gbọ́ dánfó tí ó ń lọ sí Yábàá àti Ọ̀yìngbò. Ohùn tirẹ̀ yára, ó sì so mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà jíìpù olówó kan yóò kọjá wẹ́rẹ́ bí ológbò. Gbogbo wọn ni wọ́n ń jó epo, gbogbo wọn ni wọ́n ń tú èéfín. Kí ló wá dé tí ohùn wọn kò dọ́gba?

Iye odó tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni, àti bí wọ́n ṣe to àwọn odó náà.

Mo ní odó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní sílíńdà, ṣùgbọ́n odó irin ni. Ọmọ odó tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń pè ní písítìn. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: apá ènìyàn ni ó ń ti ọmọ odó ti ilé ìdáná, iná ni ó ń ti ti mọ́tò.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìn ń ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Púlọ́ọ̀gì ṣẹ́ iná, epo bú, iná náà sì ti písítìn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára. Písítìn tún gòkè, ó ti èéfín jáde. Fà, fún, bú, tú. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta: fà, fún, bú, tú. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Nicolaus Otto ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà yìí dáadáa ní ọdún 1876, ọ̀nà náà ni a sì ń tọ̀ títí di òní. (Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì iná. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ náà fi gbóná, bí epo bá sì ti kàn án, ó gbiná.)

Lílọ sókè sódò písítìn kò lè yí táyà. Irin wíwọ́ kan tí ń jẹ́ kíráńkì ni ó ń sọ ọ́ di yíyí. Ẹ̀yin aránṣọ mọ̀ ọ́n: ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ sókè sódò, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ń yí po. Bákan náà ni.

Odó kan

Ní ọdún 1886 ni Karl Benz, ará Jámánì, gba ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ẹ́ńjìnnì ń gbé rìn. Odó kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnnì náà ní. Ohun tí inú odó náà lè gbà kò tó lítà kan, agbára rẹ̀ kò sì tó ti ẹṣin kan. Ó dá odó náà dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan sí i.

Kí ni kẹ̀kẹ́ irin yìí wà fún? Ẹ rántí pé nínú iṣẹ́ mẹ́rin tí a kà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan péré ni ó ní agbára. Mẹ́ta yòókù, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ agbára. Bí odó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọkọ̀ yóò máa ta pọ́ńkán, yóò sì fẹ́ dúró, àfi bí ohun wíwúwo kan bá wà tí ó ti ń yí bọ̀, tí kò fẹ́ dúró mọ́. Ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì Lister, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tí ń lọ ata àti àgbàdo fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Odó kan ni, ẹ ó sì rí kẹ̀kẹ́ irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tóbi, ó wúwo. Bí ẹni tí ó ni ín bá ti pa á, yóò ṣì yí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dákẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha, ìyàwó Benz, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú irú ọkọ̀ yìí láti ìlú Mannheim lọ sí Pforzheim, ọ̀nà tí ó lé ní 100 kìlómítà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo tán, ilé olóògùn ni ó ti ra òmíràn, nítorí kò tíì sí ilé epo láyé nígbà náà. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, pín-ìnnì fìlà rẹ̀ ni ó fi là á. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe tiyín, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí òkè, àwọn ọmọ náà ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Agbára odó kan kò tó.

Odó méjì: níbo ni a ó gbé èkejì sí?

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí kí wọ́n kàn jẹ́ kí odó kan náà tóbi sí i? Wọ́n gbìyànjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí odó bá tóbi, ọmọ odó yóò wúwo, gbogbo ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Ẹ wo obìnrin kan tí ó ń fi ọmọ odó ńlá gún iyán: ilẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá jọ ń gún un, tí ti èyí ń gòkè bí ti ìyẹn ti ń sọ̀ kalẹ̀, iyán á yára, apá kò sì ní ro ẹnì kankan.

Nítorí náà wọ́n fi odó kún odó. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti dé. Báwo ni a ó ṣe tò wọ́n? Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún to ọmọ ilé ìwé láàárọ̀, mo mọ̀ pé bí a ṣe to ènìyàn ṣe pàtàkì tó iye wọn. A lè tò wọ́n sórí ìlà kan, èyí lẹ́yìn ìyẹn. A lè pín wọn sí ìlà méjì, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. A sì lè jẹ́ kí ìlà méjì náà pàdé nísàlẹ̀, kí wọ́n yà sọ́tọ̀ lókè. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe mọ́tò dán wò, àwọn náà ni ó sì wà nínú púpọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ tí ń kọjá ní ìta wa.

Ní ọdún 1889, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, àwọn náà ní Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì olódó méjì tí ìdí wọn pa pọ̀ tí orí wọn yà díẹ̀. Ó rí bí igi ẹ̀ka méjì tí àwọn ọmọ fi ń ṣe rọ́bà ìtẹyẹ. Lẹ́tà kan wà nínú ABD àwọn Òyìnbó tí ó rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Òun nìyí: V. Ẹ kò kọ́ ọ nínú ABD tiwa, nítorí Yorùbá kò ní i. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní “fíì”. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú, owó sì wà nínú rẹ̀. Àǹfààní tí ó wà nínú títò yìí ni pé odó méjì jókòó sí àyè tí kò ju ti odó kan lọ púpọ̀, nítorí wọ́n jọ ń yí ibì kan náà lára kíráńkì. Ilé iṣẹ́ Panhard et Levassor ní ilẹ̀ Faransé gba ẹ́ńjìnnì yìí, ní ọdún 1891 wọ́n sì gbé e sí iwájú ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú mọ́tò ti ń gbé ẹ́ńjìnnì síwájú.

Karl Benz kò gba ọ̀nà yẹn. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, ó dá odó méjì dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kíráńkì wà láàrin. Ẹ pàtẹ́wọ́ kí ẹ lè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọwọ́ méjèèjì jọ ń pàdé, wọ́n sì jọ ń yà. Bí èyí ṣe ń ti ọkọ̀ sápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹn ń tì í sápá òsì, nítorí náà ọkọ̀ kò lọ síbì kankan, kò sì gbọ̀n púpọ̀. Henry Ford pẹ̀lú fi irú olódó méjì adùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú Model A tí ó kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1903. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 8. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ó gba àyè ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ gba àyè ju ẹni tí ó dúró lọ.

Mẹ́rin lórí ìlà kan

Kí iná tó lè máa bú láìdáwọ́ dúró, odó mẹ́rin ni ó dára. Iṣẹ́ mẹ́rin, odó mẹ́rin: nígbàkúùgbà, ọ̀kan ń fà, ọ̀kan ń fún, ọ̀kan ń bú, ọ̀kan ń tú. Ọkọ̀ Mercedes tí Maybach ṣe ní ọdún 1901 ní odó mẹ́rin tí ó dúró lórí ìlà kan, àwọn tí ó sì ń ṣe mọ́tò káàkiri bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà náà, méjì méjì ni wọ́n ń rọ àwọn odó kí wọ́n tó dè wọ́n mọ́ra. Ó wọ́n, ó sì le.

Ní ọdún 1908 ni Henry Ford gbé Model T jáde. Ó ṣe ohun méjì nínú rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì Ṣómólú ń jẹ lára rẹ̀ títí di òní, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Èkíní, ó rọ odó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sínú irin kan ṣoṣo, èyí tí à ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Èkejì, ó ṣe orí odó náà lọ́tọ̀, tí ènìyàn lè fi sípánà tú bọ́tù rẹ̀, kí ó ṣí i bí ìdérí ìkòkò, kí ó wo inú, kí ó ha èédú kúrò, kí ó sì dé e padà. Ìdérí yẹn ni tọ́ọ̀pù. Ohun tí a tẹ́ sí àárín kí ooru àti omi má baà jò ni tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú èyí, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, orí àti odó jẹ́ irin kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí inú rẹ̀ ní láti tú gbogbo rẹ̀ ká.

Agbára Model T jẹ́ ti ẹṣin 20 péré. Kò sáré. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀, ó ga kúrò nílẹ̀, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Nígbà tí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní ọdún 1927, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ.

Díẹ̀ nínú wọn dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ni ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu, ọmọ ìlú náà, wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ ń kó mọ́tò wọlé, tí ó ń tà á, tí ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Oko àti abúlé ni ibi tí à ń pè ní Ṣómólú àti Bàrígà lónìí nígbà náà. Ọ̀nà wa jẹ́ erùpẹ̀, afárá wa jẹ́ igi. Àwọn lọ́rì wíwúwo tí ó kọ́kọ́ wá láti Yúróòpù ń ba ọ̀nà jẹ́, wọ́n sì ń ṣẹ́ afárá. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, lọ́rì Ford fífẹ́rẹ̀ ni ó wọ inú oko kòkó lọ, tí kò fi pọn dandan mọ́ kí ènìyàn máa ru kòkó lórí wá sí etí òkun. Èmi rò pé títò odó yìí wà lára ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Ní ibi tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá, tí ọ̀gá mẹkáníìkì kan jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, ẹ́ńjìnnì tí ó ní ìlà kan, búlọ́ọ̀kù kan àti ìdérí kan ni yóò pẹ́ láyé.

Ẹ wò ó bí nọ́ḿbà ti ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn odó mẹ́rin náà ní nọ́ḿbà: 1, 2, 3, 4, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iná kì í bú ní 1, 2, 3, 4. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kíráńkì yóò máa gbọ̀n. Nínú púpọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ olódó mẹ́rin onílà kan, ètò rẹ̀ ni 1, 3, 4, 2. Nínú Model T, 1, 2, 4, 3 ni. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n kọ ètò yìí sára irin gan-an, bí ẹ bá nu ọ́ìlì kúrò, ẹ ó rí i. Ọmọ iṣẹ́ tí ó tú wáyà púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì lè ka nọ́ḿbà, yóò dá wọn padà bí ó ti rí i. Ẹ́ńjìnnì yóò wúkọ́, yóò ju iná sẹ́yìn, kò ní ṣiṣẹ́. Ọ̀gá yóò gbá a létí. Onímọ́tò yóò pàdánù owó ọjọ́ kan. Nọ́ḿbà mẹ́rin péré ni o! Ẹni tí ó bá lè kà á kò ní dúró de ọ̀gá.

Mẹ́fà, mẹ́jọ

Lẹ́yìn mẹ́rin, wọ́n lọ sí mẹ́fà. Napier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ta olódó mẹ́fà onílà kan ní ọdún 1904, Rolls-Royce sì tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún 1906. Mẹ́fà lórí ìlà kan máa ń rọra lọ, kì í gbọ̀n rárá, ètò iná rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 1, 5, 3, 6, 2, 4. Ìlà rẹ̀ gùn ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wọ bọ́lẹ̀kájà rí, ẹ rántí bí imú Bedford ti gùn tó. Odó mẹ́fà ni ó tò síbẹ̀.

Mẹ́jọ lórí ìlà kan gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n padà sídìí lẹ́tà V: mẹ́rin ní ọ̀tún, mẹ́rin ní òsì. De Dion-Bouton ti Faransé ń tà á ní ọdún 1910. Cadillac ti Amẹ́ríkà mú un jáde ní ọdún 1914. Ọkọ̀ olówó ni wọ́n. Ní ọdún 1932, Ford rí ọ̀nà rọ odó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ V náà pọ̀ sínú irin kan, ó sì ń tà á ní owó tí òṣìṣẹ́ lè san. Agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 65. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: láti inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni èéfín gbígbóná ti ń kọjá kí ó tó jáde, omi rédíétọ̀ sì ní láti gba gbogbo ooru yẹn. Ẹ́ńjìnnì náà tètè ń gbóná. Ohun tí ó yẹ ilẹ̀ olótùútù kò fi dandan yẹ ilẹ̀ wa.

Ìjàpá

Ẹ kò ní rò pé mo gbàgbé àwọn tí ó dùbúlẹ̀ tí ń pàtẹ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1930, Ferdinand Porsche àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi odó mẹ́rin adùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn Volkswagen: méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Ó kúrú, ó pẹlẹbẹ, ó sì fẹ́rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni a sọ ní Ìjàpá, orúkọ náà sì bá a mu. Kò ní rédíétọ̀, kò gba omi. Fáànù ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn odó rẹ̀. Kí ọkọ̀ má béèrè omi lójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ò rí i pé ìbùkún ni? Ní ọdún 1975 ni Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì adùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dánfó Èkó ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹlòmíràn. A máa ń mọ̀ ọ́n kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀.

Ó ní àìsàn kan, àwọn àgbà mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Nínú àwọn Ìjàpá tí ó ṣáájú ọdún 1971, wọ́n gbé ohun tí ń tu ọ́ìlì lára sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn, ní òkè odó nọ́ḿbà 3. Atẹ́gùn tí ó ń dé ara odó náà kò tó ti àwọn yòókù, ó sì ti gbóná kí ó tó débẹ̀. Nítorí náà odó kẹta ni ó ń kọ́kọ́ ṣàìsàn, fáàfù rẹ̀ a sì jóná. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Onípàánù dé Jíbówú, tí oòrùn ń ràn, tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́, kò sí ìyanu níbẹ̀. Ètò iná tirẹ̀ ni 1, 4, 3, 2. Ẹni tí ó bá fi 1, 3, 4, 2 sí i kò ní rí i kó ṣiṣẹ́.

Ní Jámánì, wọ́n dáwọ́ Ìjàpá dúró ní ọdún 1978, ní Mexico ní ọdún 2003. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe. Ní ìta wa lónìí, Toyota HiAce àti irú rẹ̀ ti gba ipò àwọn bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́ yẹn. Mẹ́rin lórí ìlà kan ni ó sì wà nínú HiAce tí ẹ sábà máa ń rí, gẹ́gẹ́ bí ti Model T.

Ọ̀rọ̀ owó

Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa ní Bàrígà, tí ó fi mọ́tò ṣe kábúkábú. Ó ra tòkunbọ̀ kan. Kí ó tó sanwó, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ọlọ́gbọ́n, ó ka ibi tí púlọ́ọ̀gì wà, ó rí mẹ́ta. Ẹni tí ń tà á sọ pé ọkọ̀ náà ń jẹ epo bí ẹyẹ ṣe ń jẹ ọkà. Inú rẹ̀ dùn, ó sanwó.

Láti ọjọ́ náà, èrè rẹ̀ ń lọ sí ilé epo. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ́ńjìnnì gbóná jù, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì sì jóná. Mẹkáníìkì béèrè owó gáskẹ́ẹ̀tì méjì àti owó iṣẹ́ tí ó pọ̀. Ọkùnrin yìí bínú. Ó ní, “Tọ́ọ̀pù mélòó ni ọkọ̀ ń ní? Ṣé o rò pé mi ò lajú ni?” Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, ó sì gbé ọkọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń sọ òótọ́ fún un.

Ní alẹ́ tí a kọ́ lẹ́tà V, ó jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí a parí, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tẹ̀ lé òun síta. A tan iná sí ẹ́ńjìnnì náà. Lára ike tí ó bò ó, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: V6. Ẹ́ńjìnnì náà dábùú nínú ọkọ̀. Ìlà mẹ́ta wà níwájú níbi tí ojú ti lè tó o, ìlà mẹ́ta kejì fara pamọ́ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Ó wò ó títí. Ó wá ní, “Bàbá tíṣà, ṣé mẹ́fà ni mo ti ń bọ́ láti ọjọ́ yìí, tí mo rò pé mẹ́ta ni?”

Mo ní, “Mẹ́fà ni.”

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bẹ mẹkáníìkì yẹn.

Ẹ̀yin tí ń lọ ra ọkọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládípọ̀, ẹ gbọ́ ná. Mi ò sọ pé V6 burú. Ó lágbára, ó sì ń rọra lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n ìlà méjì ni, nítorí náà tọ́ọ̀pù méjì ni, gáskẹ́ẹ̀tì méjì ni, púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ni. Nínú àwọn kan, kí ọwọ́ tó dé àwọn púlọ́ọ̀gì ti ẹ̀yìn, wọ́n ní láti tú ohun púpọ̀ kúrò lórí rẹ̀, owó iṣẹ́ náà yóò sì pọ̀. Olódó mẹ́rin onílà kan ní tọ́ọ̀pù kan, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ọwọ́ sì ń tètè dé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ jẹun ní Ṣómólú, èyí ni èmi yóò kọ́kọ́ fi hàn án. Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìwé lórí rẹ̀, ẹ tan iná sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì kà á tán. Nínú ọkọ̀ tuntun, kọ́ìlì ló sábà ń bo púlọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀, nítorí náà kọ́ìlì ni kí ẹ kà.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ iṣẹ́ mẹ́rin tí písítìn ń ṣe. Èwo ni ó ní agbára nínú wọn?

2. Kí ni kẹ̀kẹ́ irin ńlá ń ṣe lára ẹ̀rọ ìlọta?

3. Kọ ètò iná Ìjàpá sílẹ̀. Kọ ti Model T sí abẹ́ rẹ̀. Nọ́ḿbà wo ni ó wà ní ipò kejì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn?

4. Gáskẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦15,000. Èló ni onílà kan yóò ná? Èló ni V6 yóò ná? (Ìṣirò lásán ni èyí o, ẹ má fi bá ẹnikẹ́ni ná ọjà.)

5. Kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó dé, bẹ onímọ́tò mẹ́ta ní àdúgbò rẹ kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọ. Pa ẹ́ńjìnnì kí o tó sún mọ́ ọn. Kọ orúkọ ọkọ̀, iye odó, àti bí wọ́n ṣe tò sínú ìwé rẹ, kí o sì mú un wá sí kíláàsì.